Ìkànnì Ìlú Wa lórí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan nínú ọmọ Ẹgbẹ́ sọ níwájú Àpéjọ Ọdọọdún

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tí ó pè mí láti sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì tí Ẹgbẹ́ wa fẹ́ tún ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Olùkọ́ ni mí. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mú ohun tí ó díjú, kí ó tú u palẹ̀ títí yóò fi yé ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Èyí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti ṣe lónìí.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, "Ẹ fún ọmọ tí ó bá mọ kọ̀ǹpútà lówó, kí ó bá wa ṣe é, kí ọ̀rọ̀ parí." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n rò pé ó parí sí gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì kò dà bí gbọ̀ngàn ìlú tí a kọ́, tí a ṣí, tí a sì tì í títí ọjọ́ ayẹyẹ mìíràn. Oko ni ó jọ. Ẹni tí ó bá ro oko lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì padà débẹ̀ mọ́, igbó ni yóò bá níbẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: láti kọ́ ìkànnì kò nira mọ́ lóde òní, ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti Ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú Ẹgbẹ́ mọ̀ pé a ti ní ìkànnì rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ni ó fi ìfẹ́ ìlú ṣe é láì gba kọ́bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ra àdírẹ́sì ìkànnì náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìránnilétí ń lọ. Òun nìkan ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun, tí ọdún yí po, kò sí ẹni tí ó san owó àdírẹ́sì náà. Àwọn àjèjì rà á. Lónìí, bí ọmọ wa kan ní ilẹ̀ òkèèrè bá tẹ orúkọ náà sórí fóònù rẹ̀, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò rí lábẹ́ orúkọ ìlú baba rẹ̀. Ìtàn ìlú tí a kọ síbẹ̀ àti àwòrán àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ bá àwọn baba wọn ti bá a lọ. A kò gbọdọ̀ dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi, nítorí ó ṣe ipa tirẹ̀. Ẹrù gbogbo ìlú ni a gbé lé e lórí, orí kan kò sì lè rù ú títí ayé.

Nítorí náà, mo pín ọ̀rọ̀ mi sí ọ̀nà márùn-ún: ohun tí ètò ìṣàkóso ìkànnì jẹ́, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wo, ohun tí a ó fi síbẹ̀, bí a ó ti máa kọ ọ́, àti bí a ó ti ṣọ́ ọ.

OHUN TÍ ÈTÒ ÌṢÀKÓSO ÌKÀNNÌ JẸ́

Ní ọdún 1989, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ kan nítòsí ìlú Geneva ní Switzerland, gbé ìmọ̀ràn kan síwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí a wá ọ̀nà láti so àwọn ìwé tí ó wà nínú oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà pọ̀, kí ẹni tí ń ka ọ̀kan lè ti inú rẹ̀ bọ́ sínú èkejì. Ní ọdún 1991, àwọn ará ìta bẹ̀rẹ̀ sí rí ìkànnì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ìmọ̀ náà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tàn ká bí iná ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò rọrùn nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ojúewé kan ní láti mọ èdè àmì kan tí a ń pè ní HTML. Bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan dúdú ju èyí tí ó yí i ká lọ, yóò fi àmì kan ṣíwájú rẹ̀, yóò sì fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Bí ìkànnì bá ní ojúewé 50, tí Ẹgbẹ́ sì yan Akọ̀wé tuntun tí orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojúewé 50 ni yóò ṣí, tí yóò sì tún ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ kò lè sọ ọ́, àfi kí ó lọ bẹ ẹni tí ó mọ àmì.

Ìnira yìí ni ó bí ètò ìṣàkóso ìkànnì, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní CMS. Ohun tí ètò náà ṣe ni pé ó ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ tí ọ̀rọ̀ wọ̀. Gbogbo ohun tí a bá kọ, inú àká kan ni ó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí òǹkàwé bá kàn sí ìkànnì, ètò náà yóò lọ sínú àká, yóò mú ọ̀rọ̀ tí ó bèèrè jáde, yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò sì gbé e síwájú rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Bí aṣọ bá gbó, a lè pa á dà láì pàdánù gbólóhùn kan. Orúkọ Akọ̀wé tuntun ńkọ́? Ibì kan ṣoṣo ni a ó ti tún un ṣe, gbogbo ojúewé yóò sì gbà á.

Iṣẹ́ òǹkọ̀wé wá di ohun tí ó rọrùn. Yóò wọlé, yóò kọ àkọlé sókè, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, yóò fi àwòrán sí ibi tí ó yẹ, yóò sì fi í pamọ́ tàbí kí ó gbé e jáde. Ẹni tí ó bá lè kọ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Oríṣiríṣi irú ètò báyìí ni ó wà. Ọmọ ilẹ̀ Belgium kan, Dries Buytaert, gbé Drupal jáde ní ọdún 2001. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2003, Matt Mullenweg ti Amẹ́ríkà àti Mike Little ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé WordPress jáde. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti inú òfìfo. Orí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn, Michel Valdrighi, ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ní ọdún 2005 ni Joomla dé, tí a mú orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Swahili, èdè àwọn ará ìlà oòrùn Áfíríkà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń sọ nípa ìṣọ̀kan gbogbo ènìyàn. Nínú wọn, WordPress ni ó gbilẹ̀ jùlọ: bí a bá ka ìkànnì 100 ní ayé lónìí, ó lé ní 40 tí ó ń gbé orí rẹ̀. Òun ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé a kì í san owó kí a tó lò ó, àti nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ wa.

ẸNI TÍ YÓÒ ṢE IṢẸ́ WO

Ẹ̀kọ́ tí ó wù mí jùlọ nínú WordPress ni bí ó ti pín agbára. Kò fún gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ní agbára kan náà. Ìpele márùn-ún ni ó ní: Administrator, Editor, Author, Contributor àti Subscriber. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ẹ̀kọ́ ṣàlàyé rẹ̀.

Administrator ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè pa aṣọ ìkànnì dà, ó lè gba ènìyàn wọlé, ó sì lè yọ ènìyàn kúrò. Editor ni olóòtú: ó lè ka iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, kí ó tún un ṣe, kí ó sì gbé e jáde, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ilé. Author lè kọ iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó sì gbé e jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní agbára lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Contributor lè kọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ yóò wà nílẹ̀ títí olóòtú yóò fi kà á tí yóò sì fọwọ́ sí i. Bí a kò bá sì yí ètò náà padà, kò lè fúnra rẹ̀ kó àwòrán wọlé. Subscriber kò ju ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé lọ.

Bí àwa bá lo ọgbọ́n yìí dáadáa, gbogbo ẹ̀ka Ẹgbẹ́ ni yóò lè kọ̀wé láì sí rúdurùdu. Kí Akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ti Èkó, ti Ìbàdàn àti ti òkè òkun, wà ní ipò Contributor. Kí a yan olóòtú méjì: ọ̀kan nílé, tí ó mọ ìtàn tí ó sì lè rìn lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ọ̀kan lẹ́yìn odi, tí iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í já a kulẹ̀. Kí ọ̀gá oníkọ́kọ́rọ́ má ju méjì lọ, kí ó má sì dín sí méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, àìsàn tàbí ìrìn-àjò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó ṣí i sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn ọmọ wa mọ ẹ̀rọ, àwọn àgbà mọ ìtàn, iṣẹ́ yìí sì nílò àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ìwúlò olóòtú. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ni a ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa, kò sì sí ìwé ìròyìn tí ó níyì tí kò ní ẹni tí ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó jáde. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé a lè tún ohun tí a kọ sórí ìkànnì ṣe, èyí tí a kò lè ṣe fún ìwé tí ó ti kúrò ní ilé ìtẹ̀wé. Ṣùgbọ́n kí a tó tún un ṣe, ẹnì kan ti lè ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì ti fi í ránṣẹ́ yíká ayé.

OHUN TÍ A Ó FI SÍBẸ̀

WordPress pín ìkọ̀wé sí ọ̀nà méjì, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn kí a má baà da àgbàdo pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Èkíní ni ojúewé tí kì í tètè yí padà: ìtàn ìlú, orúkọ àwọn ọba tí ó ti jẹ, àwọn àdúgbò, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ọdún tí a dá wọn sílẹ̀, òfin Ẹgbẹ́. Èkejì ni ìròyìn, tí ó ní ọjọ́ tí ó sì ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí tuntun ń wà lókè: ìpàdé, ìsìnkú, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ omi tí a parí. Bí a bá kọ ìtàn ìlú sí ọ̀wọ́ ìròyìn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìkéde ìpàdé yóò ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹni tí ń wá a yóò sì rò pé a kò ní ìtàn.

Fún àwọn ìròyìn, a lè ṣe àpótí tí a ó máa pín wọn sí: Ẹ̀kọ́, Ìlera, Iṣẹ́ Ìlú, Ìròyìn Ẹ̀ka, Ayẹyẹ. Kí àpótí náà má pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá pín kíláàsì kan sí ẹgbẹ́ 20 kò pín in rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, bí ó tilẹ̀ lè mú kí àwọn kan yí jókòó. Ìtàn ìlú kì í ti ẹnu kan jáde. Bí ilé kan bá ti ń sọ bí baba wọn ti dé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ilé kejì ń sọ ọ́. Bí a bá jẹ́ kí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ìdí kọ̀ǹpútà kọ ti ilé rẹ̀ bí ẹni pé òun ni ti gbogbo ìlú, a ti da iná sí àárín ara wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ojúewé ìtàn má jáde láì jẹ́ pé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà láti àdúgbò gbogbo ti gbọ́ ọ. Níbi tí ẹnu kò bá ti kò, kí a kọ méjèèjì, kí a sọ ilé tí ó sọ èyí àti ilé tí ó sọ ìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ètò yìí tún ní ohun kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Nígbàkúùgbà tí a bá tún ojúewé ṣe, WordPress máa ń pa ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe, ọjọ́ àti wákàtí. Olóòtú lè fi ti àná wé ti òní, kí ó rí gbólóhùn tí a yọ àti èyí tí a fi kún un, kí ó sì dá ti àná padà bí ó bá yẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dọ́gbọ́n yí orúkọ ọba kan padà lóru, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a. Àní ohun tí a bá jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó parun, bí a kò bá yí ètò náà padà.

BÍ A Ó TI MÁA KỌ Ọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ Yorùbá wa bí Yorùbá. Àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn ń dá ni dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "oko" lásán, tí a kò sì fi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ tí ń gbé èrò, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí oko gan-an? Orúkọ àwọn baba ńlá wa ni a fẹ́ kọ síbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ bí a ti ń pè é ju àmì náà lọ. WordPress gba gbogbo lẹ́tà wa pẹ̀lú àmì wọn, bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá sì wà fún fóònù báyìí. Ohun tí a ní láti ṣọ́ra fún ni aṣọ tí a bá yàn fún ìkànnì: irú lẹ́tà mìíràn a máa gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò dà bí fìlà tí ó ṣubú. Kí a kọ gbólóhùn Yorùbá kan tí ó kún fún àmì, kí a fi dán aṣọ náà wò lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà, kí a tó gbà á. Ní ti àdírẹ́sì ojúewé, èyí tí ènìyàn ń tẹ̀ fún ara rẹ̀, kí a fi lẹ́tà lásán kọ ìyẹn, kí ó kúrú, kí a má sì pa á dà mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti jáde.

Kí ojúewé tí ó ṣe pàtàkì wà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀nà sì wà láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa ní òkè òkun kò lè ka Yorùbá. Bí wọ́n bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì lónìí, wọ́n lè tọ ipa rẹ̀ dé ti Yorùbá lọ́la.

Ní ti àwòrán, fóònù òde òní a máa ya àwòrán tí ó wúwo tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbé mẹ́wàá irú rẹ̀ sí ojúewé kan, ìyá wa tí ó fi owó ẹ̀gúsí ra dátà ni yóò san gbèsè rẹ̀. Kí a dín in kù kí a tó gbé e wọlé; kílóbáìtì 200 ti tó láti rí ojú ènìyàn kedere. Kí a sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú àwòrán, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ọdún tí a yà á. Ètò náà ní ibì kan tí a ó ti fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fò ó, nítorí ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kà sétí fún afọ́jú.

BÍ A Ó TI ṢỌ́ Ọ

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a fi ọwọ́ líle mú.

Èkíní ni ẹni tí ó ni ilé. Ètò WordPress fúnra rẹ̀ kò ní owó, ṣùgbọ́n a ó máa san owó àdírẹ́sì àti owó kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀. Àdírẹ́sì tí ó parí sí .ng wà lábẹ́ àbójútó NiRA, àjọ tí ń ṣètò orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Nàìjíríà. Èyíkéyìí tí a bá rà, kí a kọ ọ́ sí orúkọ Ẹgbẹ́, kí ìwé ìránnilétí sì máa lọ sí ímeèlì Ẹgbẹ́ tí Akọ̀wé àti Akápò jọ lè ṣí. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí Facebook àti WhatsApp kò fi tó. Ọjà ni àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n sì dára fún ìkéde. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sí abẹ́ àtíbàbà ọjà. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́ ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́ sí ilé kan tí a ń pè ní GeoCities. Yahoo rà á ní ọdún 1999. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn olùfẹ́ ìtàn kò bá sáré dà kọ, ó pòórá. Onílé ni ó ti ilé rẹ̀; ayálégbé kò ní ẹjọ́.

Ẹ̀kejì ni páswọ́ọ̀dù. Kí ó gùn, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yá ẹlòmíràn ní tirẹ̀, kí àwọn oníkọ́kọ́rọ́ sì fi ìlẹ̀kùn kejì kún un, èyí tí ń béèrè nọ́ńbà láti orí fóònù kí ó tó ṣí. Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀: nọ́ńbà àkántì tí a fi ń gba owó ìdàgbàsókè ìlú yóò wà lórí ìkànnì. Bí olè bá wọlé, kò ní jí ohunkóhun tí a ó rí. Nọ́ńbà náà ni yóò rọra pa dà, owó tí ọmọ wa fi òógùn ojú rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun yóò sì bá ibòmíràn lọ. Nítorí náà, kí Akápò máa yẹ nọ́ńbà náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe. Àwọn tí wọ́n ṣe WordPress a máa rí ihò lára ògiri rẹ̀ lóòrèkóòrè, wọn a sì di í, wọn a fi àtúnṣe ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn àfikún tí a ń pè ní plugin, èyí tí ẹlòmíràn ṣe láti fi kún agbára rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba àtúnṣe náà wọlé, ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn olè sì ti mọ ibẹ̀. Ara àfikún tí a kò sọ dọ̀tun ni ọ̀pọ̀ olè ń gbà wọlé. Nítorí náà, kí àfikún wa mọ níwọ̀n, kí a sì yọ èyí tí a kò lò kúrò pátápátá.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀dà ìpamọ́. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ibi méjì ni WordPress ń kó ẹrù sí: ọ̀rọ̀ tí a kọ wà nínú àká tirẹ̀, àwòrán sì wà nínú àpò mìíràn lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá pa ọ̀kan mọ́ tí ó gbàgbé èkejì, ìtàn tí kò ní àwòrán tàbí àwòrán tí kò ní ìtàn ni yóò bá lọ́wọ́. Kí a máa ṣe ẹ̀dà méjèèjì lóṣooṣù, kí ọ̀kan wà nílé, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ka òkè òkun. Kí a sì gbìyànjú láti dá a padà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. A kì í dúró di ọjọ́ tí iná bá sọ kí a tó wo bóyá omi wà nínú kànga.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òfin wà. Òfin Ààbò Dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí a bá kọ nípa rẹ̀. Kí a má ṣe gbé nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé tàbí ọjọ́ ìbí ọmọ Ẹgbẹ́ kankan síta láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwòrán àwọn ọmọdé, òbí wọn ni a ó kọ́kọ́ bi.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo fi ìmọ̀ràn mẹ́rin síwájú Àpéjọ yìí fún ìjíròrò.

(1) Kí a ra àdírẹ́sì tuntun ní orúkọ Ẹgbẹ́, kí a sì san owó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà, bí àpò wa bá ti tó. Kí owó ìtọ́jú ìkànnì wọ inú ètò ìnáwó ọdọọdún bí owó iná àti omi gbọ̀ngàn.

(2) Kí a yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún fún ọdún méjì-méjì, mẹ́ta nílé, méjì lókè òkun, kí obìnrin àti ọ̀dọ́ sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń lọ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé, kí a sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ó lè wọlé ní ọjọ́ náà gan-an.

(3) Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojúewé mẹ́wàá péré tí a kọ dáadáa. Ìkànnì kékeré tí òtítọ́ wà nínú rẹ̀ sàn ju èyí tí ó tóbi tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ "Ẹ máa retí wa" lọ.

(4) Kí ìgbìmọ̀ náà máa jíṣẹ́ níwájú Àpéjọ ní ọdọọdún gẹ́gẹ́ bí Akápò ti ń jíṣẹ́: ojúewé tí a kọ, èyí tí a tún ṣe, ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí owó àdírẹ́sì yóò tán.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Owó yín wúlò, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ yín bákan náà. Ẹni tí kò lè wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ tún ojúewé kan ṣe láti orí àga rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Kò sí ẹ̀rọ kan ní ayé tí ó lè ṣàkóso ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Kábíyèsí sí, kí ó bùkún ìlú wa, kí ó sì mú gbogbo ọmọ rẹ̀ dé ilé rẹ̀ láyọ̀.